Ẹ Bá Mi Bi Kòkòrò Yìí Léèrè Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni mo ṣẹ̀? Aránṣọ ni mí. Ìsọ̀ mi wà níwájú ilé tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ sí ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, níbi tí ọ̀dà títì ti parí tí ẹrẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. N kì í jalè, n kì í jà, gbèsè tí mo jẹ kò sì ju ti ẹgbẹ́ mi lọ. Síbẹ̀, odidi oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe ẹrú kòkòrò tí kò gùn ju ìka àárín mi lọ, torí pé mo fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Orúkọ lásán o! Ọmọ èèyàn dé lónìí, tó bá di ọjọ́ kẹjọ, a ó fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, a ó pè é lórúkọ, a ó jẹ ìrẹsì, a ó jó relé. Èyí jẹ ewé kókò ilé mi débi tí ìyàwó mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń bọ́ awọ bí ẹni tó ń pààrọ̀ aṣọ òde, kò sì sẹ́ni tó lè là á fún mi pé báyìí ni wọ́n ń pè é.

Ẹnu ìyàwó mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Rémọ ni Ìyá Dàmọ́lá, ẹ sì mọ ọmọ Rémọ pẹ̀lú ebíripo. Bí kò bá rí kókò rin, kó fi ewé dì í, kó sè é, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbin kókò sẹ́yìn ilé, tó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ṣọ́ wúrà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹfà, mo wà lórí ẹ̀rọ, mo ń fi ọrùn sí bùbá oníbàárà kan, ni mo gbọ́ igbe: "Ejò! Bàbá Dàmọ́lá, ejò o!" Mo ju bùbá sílẹ̀, mo mú ọ̀pá tí a fi ń já máńgòrò, mo sáré.

Kì í ṣe ejò. Kòkòrò ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè ní kátápílà. Ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé, ó nípọn tó àtàǹpàkò, àwọ̀ ara rẹ̀ dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ìwo ṣóńṣó kan sì wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ìdí ni ìwo wà, kì í ṣe orí. Mo fi ọ̀pá kàn án. Ó fa orí wọnú ara, ọrùn rẹ̀ wú, ojú ńlá méjì sì là sí mi, ojú dúdú tí òrùka ìyeyè yí ká. Ojú ẹ̀tàn ni o, àwòrán ara awọ lásán ni, kò fi ríran rárá. Ṣùgbọ́n ta ló máa dúró bi í? Ọkùnrin ni mí, n kò sá. Ẹ̀yìn ni mo fi rìn díẹ̀.

Dàmọ́lá, ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́wàá, ti dúró tì mí.

"Bàbá mi, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Kòkòrò ni."

"Kòkòrò wo, sà?"

"Kòkòrò kókò."

"Tó bá dàgbà ńkọ́, kí ló máa dà?"

Ẹni tó bá bí ọmọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ báyìí, kó yáa máa fi owó pamọ́. Kí n tó la ẹnu, Bàbá Ìlọrin, aládùúgbò mi, ti yọ orí lókè fẹ́ǹsì. Ó ní labalábá ni, pé labalábá ni gbogbo wọn máa ń dà. Ó ní bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn ni, wọn ò ní dúró kó di nǹkan kan. Kànnì tó ń jẹ ewé igi òrí, wọ́n á ṣà á, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, ó di ẹran ọbẹ̀. Ó wo kòkòrò mi tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú dín in."

Èmi ní àfòpiná ni yóò dà. N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ o. Inú ló bí mi pé ó yọjú lórí fẹ́ǹsì mi láìkí mi. Ọ̀rọ̀ di tẹ́tẹ́. Bó bá di labalábá, n ó rán agbádá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá di àfòpiná, yóò ra iyán àti ẹran ìgbẹ́ fún mi. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: télọ̀ fẹ́ máa sin òólá! Mo ní ìyàtọ̀ wà. Òólá tó ń jẹ aṣọ kéré bí èékánná ọmọdé, aṣọ onírun àgùntàn ni ọmọ rẹ̀ sì máa ń jẹ. Ẹni tó bá rí i tó ń jẹ ańkárá, kó wá pè mí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ àlàyé mi.

Dàmọ́lá gba fóònù mi, ó ya kòkòrò náà, ó ní íntánẹ́ẹ̀tì yóò sọ fún wa. Fóònù dá orúkọ mẹ́ta, Látìn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwòrán kòkòrò mẹ́ta tó jọra bí ìbejì sì wà lábẹ́ wọn. Níbẹ̀ ni dátà mi tán.

Oníbàárà mi kan wà, bayọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò tíì gé ṣòkòtò ọ̀hún. Kí ọ̀rọ̀ ṣòkòtò má baà délẹ̀, mo sáré fi fọ́tò kòkòrò hàn án. Ó gbàgbé ṣòkòtò lóòótọ́. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà.

Ó ní, "Bàbá Dàmọ́lá, bí ẹ bá ń wá orúkọ lára kátápílà, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń jẹ kókò, tí wọ́n ní ìwo nídìí àti ojú lọ́rùn, kì í ṣe ẹyọ kan. Hippotion celerio wà, Hippotion eson wà, wọ́n sì tún ní ìbátan. Ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan lè ní àwọ̀ ewé, èkejì àwọ̀ ilẹ̀. Ìyẹ́ ni ẹ ó fi dá wọn mọ̀. Ẹ sìn ín títí yóò fi yọ ìyẹ́."

Ó ní kí n sìn ín. N kò mọ̀ pé mo máa kọ́kọ́ sin ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kòkòrò ti bọ́ sílẹ̀ lórí kókò, ó ń rìn wéréwéré lórí sìmẹ́ńtì bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ara rẹ̀ ti dúdú sí i. Mo gbé e sínú ike áísìkiriìmù, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dá ihò sí ìdérí rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn, ihò náà tò gbọọrọ bí ojú rírán. Mo gbé ewé kókò síwájú rẹ̀, kò jẹ. Mo ní bóyá kókò ti sú u. Mo já gbúre, kò jẹ. Mo já tẹ̀tẹ̀, orí rẹ̀ ló gbà kọjá. Mo já ewúro, ó kọ̀. Mo ra ewédú igba náírà, kò yà á sọ́tọ̀. Kí ó sáà máa yí ike po tọ̀sán-tòru, kí ó máa fi orí gbá igun, kí ó máa pa dà. Ní ọjọ́ kẹta, ó súnkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ awọ, awọ há sí i lára, ó kú.

Tíṣà wò ó, ó mi orí. "Ó ti jẹun yó kí ẹ tó mú un. Bí wọ́n bá ti rìn báyẹn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè wọ abẹ́ ewé gbígbẹ tàbí erùpẹ̀ lọ para dà. Oúnjẹ lẹ̀ ń fún un, ilẹ̀ ló ń tọrọ."

Ilẹ̀! Èmi tí mo ra ilẹ̀ n'Ìbàdàn! Èmi tí ọmọ onílẹ̀ gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n gba owó lẹ́ńtù, wọ́n gba owó òrùlé, wọ́n tún pa dà wá gba owó ẹ-kú-ìnáwó. Wọ́n kọ rìsíìtì gbogbo rẹ̀ fún mi o, mo kó wọn pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí orúkọ kan tó ṣeé kà nínú wọn, bí ẹni pé adìyẹ ló fi ẹsẹ̀ ha ìwé. Bí ẹnì kan bá mọ ìyà ilẹ̀, èmi ni. Kòkòrò ń tọrọ ilẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, Dàmọ́lá tún ti rí òmíràn lórí kókò ìyá rẹ̀. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èyí kéré bí igi ìṣáná, àwọ̀ ewé ni, ìwo rẹ̀ sì gùn ju bó ṣe yẹ ọmọdé lọ. Tíṣà ti kọ òfin fún mi sẹ́yìn páálí sìgá. Ewé tútù lójoojúmọ́, ti igi tí a bá a lórí rẹ̀ ni kí n máa fún un, n kò gbọdọ̀ dá àrà. Kí n fi ìdí ewé sínú ìgò omi, kí n fi òwú dí ẹnu ìgò pa, kí ọmọ má baà wọ inú omi lọ kú. Oòrùn kò gbọdọ̀ pa ike. Kí n máa nu inú rẹ̀ gbẹ, torí bí ìgbẹ́ àti ọ̀rinrin bá pàdé, ìhunhun ni yóò hù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbẹ́. Bí kòkòrò yìí ṣe ń dàgbà, iṣẹ́ méjì ló ní láyé: kó jẹ, kó yà. Ìgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Kóró kóró ni, dúdú, ó le, ilà sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóròóró bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Bí gbogbo ilé bá ti pa rọ́rọ́ lóru, ẹ ó máa gbọ́ ọ lórí pépà: tó, tó, tó. Ìyàwó mi jókòó lórí ibùsùn, ó ní òjò ń jò wọlé. Mo ní kì í ṣe òjò. Ó ní kí ni? Mo sọ ohun tí ó jẹ́. Ó dùbúlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.

Ti kókò ńkọ́? Ẹni tó bá ti já ewé kókò rí mọ bí oje rẹ̀ ṣe ń yúnni. Láràárọ̀ ni mo ń já a, láràárọ̀ ni ọwọ́ ń yún mi. Mo ń ran léèsì olówó iyebíye, mo ń họra. Obìnrin kan wá wọn aṣọ, ó wo bí mo ṣe ń họ ọwọ́, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Títí di òní kò tíì rántí ohun tó gbàgbé.

Lọ́jọ́ kan kòkòrò kò jẹun mọ́. Ó gbé orí sókè, ó dúró gbagidi bí ère. Mo pariwo pé ó ti kú. Mo ti gbẹ́ ihò tán kí Tíṣà tó dé, ó ní kí n rọra, pé awọ ló fẹ́ bọ́. Ó ní awọ wọn kì í nà tayọ ibi kan, bí aṣọ tí a kò fi ìṣẹ́tí sí. Bí ó bá ti fún un, àfi kó bọ́ ọ kó wọ tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sábà máa ń bọ́ ọ kí wọ́n tó wọlẹ̀, bí ẹnì kan bá sì fọwọ́ kàn wọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó lè ṣe wọ́n léṣe. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́tí yẹn wọ̀ mí lára. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ bayọ́lọ́jì yé.

Ó dàgbà, ó sanra, mo ń fi í yangàn. Ẹni tó bá wá gba aṣọ, n ó mú un lọ wo ọmọ mi. Àmọ́ nígbà tó kù díẹ̀ kó wọlẹ̀, ara rẹ̀ kò dán mọ́. Ó rọ̀, àwọn àmì dúdú yọ lára rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo ṣí ike, mo rí ìdin funfun tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Méje ni mo kà kí ojú mi tó ṣú. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n di kóró pupa rúsúrúsú bí àgbá kéékèèké, ọmọ mi sì di àpò òfìfo. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, eṣinṣin fò jáde nínú àwọn àgbá náà, eṣinṣin onírun gànnàgànnà tó tóbi ju ti ilé lọ. Wọn ò wò mí lójú, wọn ò dúpẹ́.

Ẹ wá gbọ́ àlàyé. Eṣinṣin kan ti wá síbi ewé kókò kí Dàmọ́lá tó rí ọmọ, ó ti fi ẹyin tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn làwọn ayálégbé ti wà nínú ilé. Wọ́n ń jẹ ọ̀rá rẹ̀ ná, wọn kò tíì kan ibi tí ẹ̀mí wà, kí onílé lè máa wá oúnjẹ fún wọn títí wọn yóò fi tó kó jáde. Gbogbo ewé tí mo já, gbogbo ọwọ́ tí mo họ, eṣinṣin ni mo ń tọ́! Mo ti ní ayálégbé rí tó jẹ mí lówó ọdún méjì, tó sì gbé ilẹ̀kùn mi lọ nígbà tó ń kó jáde. Èyí ju tirẹ̀ lọ. Èyí jẹ ògiri.

Tíṣà ní kí n má sunkún, pé ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Ó ní obìnrin kan wà ní Jámánì tó ń jẹ́ Maria Sibylla Merian, Frankfurt ni wọ́n ti bí i ní 1647. Láti ọmọ ọdún 13 ló ti ń sin kòkòrò, ó ń yà wọ́n, ó ń kọ ewé tí kálukú wọn ń jẹ sílẹ̀. Ó tẹ ìwé jáde ní 1679 lórí bí wọ́n ṣe ń para dà. Òun náà sin kòkòrò, ó dúró de labalábá, eṣinṣin ló jáde sí i. Ó tún wọkọ̀ ojú omi lọ sí Suriname ní 1699, torí kòkòrò náà ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́. Ìyà tó ti ń jẹ èèyàn láti 1679, kì í ṣe èmi nìkan ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ó tó. Mo bi Tíṣà pé kí ni mo fẹ́ fi orúkọ kòkòrò ṣe gan-an, ṣé n ó fi gba ìwé àṣẹ ìrìnnà fún un ni? Ó dá mi lóhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì ni kò jẹ́ kí n jáwọ́. Ó ní ní 2016, kòkòrò kan ń jẹ àgbàdo run ní ilẹ̀ Yorùbá níbí, àwọn àgbẹ̀ rò pé èyí tí bàbá wọn mọ̀ ni. Àwọn onímọ̀ IITA ló yẹ̀ ẹ́ wò tí wọ́n rí i pé àlejò ni, pé láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, a kò sì rí i ní Áfíríkà rí. Àmì tó dà bí Y tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò wà níwájú orí rẹ̀, tó-tò dúdú mẹ́rin sì tò ní igun mẹ́rin nítòsí ìdí. Ẹni tó bá pe àlejò ní ọmọ ilé, oògùn ọmọ ilé ni yóò máa fín sí i. Ó tún yíjú sí Bàbá Ìlọrin, tó ti wà lórí fẹ́ǹsì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ní ká dín in, ẹ rántí ẹ̀kùkù." Ẹ̀kùkù ni ọmọ kòkòrò tí a ń rí òwú sányán baba aṣọ nínú ilé rẹ̀. Àwọn èèyàn ń jẹ ẹ́ ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, àmọ́ àwọn dókítà rí i pé àwọn mìíràn tó jẹ ẹ́ máa ń gbọ̀n, wọn kò lè rìn gbọnrangandan, torí ẹ̀kùkù ní ohun kan nínú tó ń ba fítámì B1 jẹ́ lára ẹni tí kò ní púpọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kànnì ni ẹ mọ̀. Èyí tí ẹ kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má gbé e sínú epo. Bàbá Ìlọrin gbé orí rẹ̀ kúrò lórí fẹ́ǹsì.

Ẹ̀kẹta ni Málọmọ́.

Ìyàwó mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ tó ti wá lẹ́ẹ̀mejì tó sì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, a kì í tún fi ojú ọmọ tuntun wò ó. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà mo rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló ń yan ewé tí kò tíì gbó sílẹ̀ fún un. A mú Málọmọ́ láti kékeré, a bò ó láti ọjọ́ àkọ́kọ́, eṣinṣin kankan kò rí ojú rẹ̀. Mo já àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́, mo fi rán àgọ́ fún un, mo fi rọ́bà sí ìdí rẹ̀, mo fi síìpù sí ẹ̀gbẹ́. N kò tíì rán nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà tó sanwó.

Ó jẹun fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ara rẹ̀ ṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wéréwéré. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbọ́ èdè. Mo fún un nílẹ̀: erùpẹ̀ tó tutù díẹ̀, tó jìn ní ìka mẹ́rin, ewé gbígbẹ lórí rẹ̀. N kò gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọ abẹ́ ewé, ó fi òwú tín-ín-rín bíi mélòó kan so wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń so aṣọ kó tó rán an. Nígbà tí mo ṣí i wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, kò sí kátápílà mọ́. Ohun kan bí kóró àgbálùmọ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń dán, kò ní ẹsẹ̀, kò ní ẹnu. Mo fi ìka kàn án, ó mi ìdí. Ayé ọmọdé mi pa dà sí mi lójú: nígbà tí a bá hú irú rẹ̀ lóko, a máa ń mú un dání, a ó bi í pé ọ̀nà ilé dà, ibi tó bá ju ìdí sí la ó gbà lọ. Mo wò yí ká, kò sẹ́ni nítòsí. Mo bi í pé, "Kí lorúkọ rẹ?" Ó ju ìdí sọ́dọ̀ Bàbá Ìlọrin.

Fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, n kò lọ síbì kankan. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wáyé ní Abẹ́òkúta, mo fi aṣọ ẹbí ránṣẹ́, n kò fi ara mi ránṣẹ́. Tíṣà ti kìlọ̀ pé bó bá jáde, àfi kó rí igi gùn, kó fi ara kọ́ sókè, kí omi ara rẹ̀ lè dé inú ìyẹ́. Bí àyè bá há, ìyẹ́ yóò gbẹ bí ó ṣe wé, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè lọ̀ ọ́ mọ́ láéláé.

Ó jáde lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná ti lọ, òjò ń kùn. Iná fóònù ni mo tàn sí i. Ó ti gun igi dé ìdajì, ara rẹ̀ tutù, ìyẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà bí àjákù aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò sá. Mo jókòó sílẹ̀, n kò mí. Díẹ̀díẹ̀ ni aṣọ náà ń tú, ó ń gùn, ó ń tẹ́, bí ẹni tí ń na ọ̀pá ańkárá lórí tábìlì, títí kò fi sí ìhunjọ kankan lójú rẹ̀ mọ́. Ìlà funfun tó ń kọ bí fàdákà gba ojú ìyẹ́ iwájú já dé ṣóńṣó. Ìyẹ́ ẹ̀yìn ní pupa rẹ́súrẹ́sú níbi tó ti so mọ́ ara. Aránṣọ ni mí láti ọdún méjìlélógún. Lọ́kàn mi, mo ní, "Ta ló gé èyí?"

Ibi tó yẹ kí n dákẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́tẹ́ wà nílẹ̀. Mo fẹ́ ya fọ́tò, ojú àwọ̀n ẹ̀fọn ń bà á jẹ́, mo sì fa síìpù wálẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ pe ẹlẹ́rìí. Mo lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Ìlọrin. Ó ń kírun alẹ́. Mo dúró. Ó kírun tán, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo dúró. Ó wá bàtà ẹsẹ̀ òsì, kò rí i. Nígbà tí a fi dé iyàrá mi, igi wà láyè rẹ̀, Málọmọ́ kò sí lórí igi.

A gbé iná sí ara ògiri. Ọmọ onílé kan, èyí tó sanra jù nínú gbogbo wọn, ló dúró níbẹ̀, ìyẹ́ kan yọ ní igun ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó ń fi igi tayín. Ó gbé e mì lójú wa. Ìyẹ́ mẹ́ta ló kù nílẹ̀. Àwọn àgbà ní àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Tèmi kò tilẹ̀ rìn dé ìdí fìtílà.

Mo ní kí Bàbá Ìlọrin lọ múra owó iyán sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìyẹ́ mẹ́ta, ó wo ògiri. Ó ní, "Tẹ́tẹ́ wa ni pé kí ló máa dà. Labalábá kọ́, àfòpiná kọ́. Oúnjẹ alẹ́ ọmọ onílé ló dà." Mo wá èsì títí, n kò rí.

Tíṣà ló dá ẹjọ́ náà lọ́jọ́ kejì. Ó gbé ìwé rẹ̀ wá, ó fi ìyẹ́ wé àwòrán, ó ní ìlà fàdákà yẹn kò jẹ́ kí òun ṣiyè méjì: Hippotion celerio ni, àfòpiná tó máa ń fò láti Áfíríkà títí dé Yúróòpù. Mo bi í pé ta ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní Carl Linnaeus ni, ará Sweden, ní 1758. Ẹ gbọ́ nǹkan! Èmi já ewé, èmi họ ọwọ́, èmi rán àgọ́, ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí ti sọ ọmọ mi lórúkọ láti 1758, kò ránṣẹ́ pè mí síbi ìkómọ. Tíṣà ní kí n má bínú, ó ká ìwé, ó sì bi mí pé ṣòkòtò òun dà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, iná wá. Mo gbójú sókè. Ọmọ onílé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù, ikùn rẹ̀ yọ gẹ̀ǹdẹ̀gẹ̀ǹdẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni mo wá háyà. Ọmọ onílẹ̀ gba tirẹ̀, ọmọ onílé náà ti gba tirẹ̀. Mo kó ìyẹ́ mẹ́ta náà sínú àpòòwé, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, láàárín àwọn rìsíìtì tó kù. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni mo lè ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀.